Irun Tí Mo Dì Dé Ìdajì

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Màmá Káyọ̀dé pè mí lórí fóònù. Oníbàárà mi tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n.

"Ìyá Ṣeun, jọ̀ọ́, wá bá mi di irun ìyàwó ọmọ mi. Látìgbà tó ti bímọ, kò jẹ́ kí òòyà kan orí ẹ̀."

Nígbà náà, wọ́n ń mú ọ̀nà ẹsipirẹ́ẹ̀sì fẹ̀, eruku pupa sì ń bá wa wọlé láti Ajah títí dé Ṣàngótẹ̀dó. Àwọn èèyàn ń ṣépè fún eruku náà. Èmi onídìrí ò lè ṣépè fún un ní tèmi, nítorí ẹni tí eruku bá bo orí rẹ̀ kì í pẹ́ pè mí. Mo gbé báàgì mi, òòyà, òwú àti àdí wà nínú rẹ̀, mo sì gba ẹ̀sìtéètì wọn lọ.

Bísọ́lá, ìyàwó Káyọ̀dé, jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí àlejò nínú yàrá ara rẹ̀. Ọmọ wà lọ́wọ́ Màmá. Màmá ń fi omi gbígbóná wẹ ìyàwó wọn láràárọ̀, wọ́n sì ń gbàdúrà sí i lórí. Káyọ̀dé, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Oniru, ti ra ẹ̀rọ amúlétutù tuntun sí yàrá, ó rò pé ooru ló ń da ìyàwó òun láàmú. Kálukú ló ń fi ìfẹ́ ṣe ohun tó mọ̀.

"Wò ó," Màmá sọ fún mi, "inú kì í dùn ká pa á mọ́ra. Ọmọ dé, kò rẹ́rìn-ín. Ṣebí àwọn tó ń wá ọmọ pọ̀ nílẹ̀?"

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ Bísọ́lá lára. Mo ní kí Màmá jọ̀ọ́ lọ rẹ ọmọ sùn ní pálọ̀, kí wọ́n sì bá mi bu omi tútù tí wọ́n bá ń padà bọ̀.

Nínú iṣẹ́ wa, oníbàárà máa ń jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ wa, àwa á wà lórí àga lẹ́yìn rẹ̀. Kò rí ojú wa, a ò rí tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí obìnrin fi máa ń bá onídìrí sọ ohun tí kò lè bá ẹlòmíràn sọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń sọ pé kí n jẹ́ kí etí mi ṣiṣẹ́, kí ẹnu mi sinmi. Ẹnu mi kì í fẹ́ sinmi, ṣùgbọ́n mo gbìyànjú lọ́jọ́ náà.

Pàtẹ́wọ́ ni mo ń dì fún un, irun tí a máa ń dì láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó tó pàdé láàárín orí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, everybody ń kí mi kú oríire. Tí ọmọ yẹn bá ń sunkún, ó dà bíi pé ọmọ ẹlòmíràn ni. Ó ń ṣe mí bíi kí n sùn, kí n má jí mọ́."

Mo dá ọwọ́ dúró lórí irun rẹ̀. "O ti sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Wọ́n á ní orí mi ti dàrú."

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà mi ti sọ fún mi rí pé irú nǹkan báyìí máa ń ṣe àwọn obìnrin kan lẹ́yìn ìbímọ, pé àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun ò fẹ́ wà láyé mọ́, ká má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Àwa onídìrí ní ìwà kan tí gbogbo obìnrin mọ̀. Tí oníbàárà bá pọ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ irun ẹnì kan, a ó sá lọ bá ẹlòmíràn. Ẹni tí a ti bẹ̀rẹ̀ irun rẹ̀ ò lè lọ síbì kankan mọ́. Ìwà yẹn ni mo fi mú Bísọ́lá.

"Ọwọ́ ń ro mí," mo ní. "Lọ́la ni màá parí ẹ̀. Ṣé wàá dúró dè mí?"

"Àǹtí, níbo ni mo fẹ́ gbé orí báyìí lọ?"

"Ó dáa. Jẹ́ kí n bá Màmá sọ ọ̀rọ̀ yìí." Ó gbà.

Bí Màmá ṣe gbé omi dé, mo sọ ọ́ fún wọn.

"Ṣé wèrè lo pe ìyàwó ọmọ mi ni?"

"Rárá o, Màmá. Àìsàn ni. Ẹ má dá àdúrà dúró, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé e lọ rí dókítà. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan."

Màmá jókòó. Wọ́n gbé ife omi náà sílẹ̀. "Nígbà tí mo bí Káyọ̀dé, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń lọ láti lọ sunkún. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí." Wọ́n pe Káyọ̀dé, ó sì gbé mọ́tò wá kíákíá.

Ibi tí ọgbọ́n mi ti dojú kọ mí nìyẹn. Bísọ́lá ní òun ò lọ. "Pẹ̀lú orí yìí? Ó di ọ̀la, tí Àǹtí bá parí ẹ̀." Mo fún un ní ṣíkáàfù, ó ní wọ́n á ní kí òun ṣí i. Tí mo bá sì ní kí n dì í tán, dókítà á ti lọ sílé. Káyọ̀dé bẹ̀ ẹ́ títí, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Màmá tú gèlé wọn. Ṣùkú tí mo dì fún wọn de ìsìn Sọ́ńdè ló wà lórí wọn, ó ń dán. Wọ́n jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ mi.

"Tú ẹ̀gbẹ́ kan."

"Màmá, ti Sọ́ńdè ńkọ́?"

"Mo ní kí o tú u!"

Mo tú u. Ewú dìde wúruwùru lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan orí Màmá. Bísọ́lá wò wọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Màmá gbá a mọ́ra. Èmi náà sunkún. Káyọ̀dé gbé ọmọ, a sì jọ wọ mọ́tò.

Ara Bísọ́lá ò yá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó lo oògùn, obìnrin kan sì wà ní ilé ìwòsàn tó ń jókòó tì í tó ń bá a sọ̀rọ̀. Káyọ̀dé kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ. Màmá ò dá omi gbígbóná àti àdúrà dúró, ṣùgbọ́n wọn ò tún dárúkọ àwọn tó ń wá ọmọ mọ́. Èmi náà ń lọ ya irun rẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí kò bá fẹ́ dì í. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fún ọmọ rẹ̀.

Mo ti fi òòyà sílẹ̀ báyìí, oríkèé ọwọ́ mi ò gbà mí láyè mọ́. Mo ti dirun fún ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo ti dirun fún olóyè. Irun tí mo fi ń yangàn jù ni èyí tí mi ò dì parí yẹn. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo orí ìyá, ó wo orí ìyàwó, ó dàrú mọ́ ọn lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ni wọ́n fẹ́ tọ́jú nínú yín?"

Màmá di ọwọ́ Bísọ́lá mú. "Àwa méjèèjì ni."