Ará Òfuurufú Tó Wọ Inú Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ jáde bí mo bá ń sọ̀rọ̀, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́. Páálọ̀ Bàbá Kúdí ló wà. Wọ́n fi aṣọ funfun bò ó lórí, wọ́n sì gbé òdòdó oníke lé aṣọ náà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ irú tẹlifíṣọ̀n tí mò ń wí, èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbá ní ẹ̀gbẹ́ kí àwòrán rẹ̀ tó dúró jẹ́ẹ́. Bàbá Kúdí kì í lé ọmọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìta kò ní wọlé. Bó bá ti di ọ̀sán Sátidé, àwa ọmọdé á tò sídìí dúrọ́ọ̀mù omi wọn, a ó máa fọ ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí.

Eré òyìnbó kan la máa ń lọ wò. Ará Òfuurufú ni àwa ń pè é. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè náà láàárín wa, Kúdí tó ti wà ní girama ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa, ó sì máa ń jókòó sórí àga nígbà tí àwa wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Iye iyọ̀ tí Kúdí fi sí ìtumọ̀ rẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìlú kékeré kan létí omi ni wọ́n fi hàn wá. Iná kan já bọ́ láti ojú ọ̀run sínú omi náà, láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ará òfuurufú ti ń wọ inú àwọn èèyàn ìlú. Ojú wọn kò yí padà, ohùn wọn kò yí padà, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo tí a fi ń dá wọn mọ̀ ni pé wọn kì í mọ orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn mọ́. Ìjọba sì mọ̀ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wọ kóòtù funfun ń fi mọ́tò kó wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá sọ fún ará ìlú pé ibà lásán ni. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò ju àwa náà lọ. Ìyá rẹ̀ pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò pẹ́, àwọn oníkóòtù funfun kan ilẹ̀kùn. Ọmọ náà di ilẹ̀kùn mú, ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni iná ti lọ.

Ariwo tí a pa lọ́jọ́ náà, wọ́n á gbọ́ ọ dé ìsàlẹ̀ ọ̀sà. A dúró, a dúró, iná kò dé. Ọ̀rẹ́ mi Múínà, tó fi oṣù méjì jù mí lọ tó sì sọ oṣù méjì náà di ipò ẹ̀gbọ́n, ní òun mọ bó ṣe parí. Èmi kò mọ̀, mo sì gbé àìmọ̀ náà lọ sílé.

Nílé wa nígbà náà, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló tọ́ mi dàgbà. Òun ló ń yan ẹja tí ìyá mi ń tà ní Ọjà Olúwo. Èmi ni mo máa ń ṣa èèpo àgbọn tí a fi ń dáná, èéfín rẹ̀ á ta mí lójú títí imú mi á fi máa ṣomi. Ìyá Àgbà á mú ẹja àrọ̀ tútù, á ká a lẹ́ẹ̀kan, á fi ìrù rẹ̀ sí i lẹ́nu, á fi igi tín-ín-rín há a, ẹja náà á wá rí roboto. Kì í wo ọwọ́ rẹ̀ bó bá ń ká ẹja. Èyí tó bá ti fọ́ lórí iná, tèmi ni. Bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, màá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé mi lórí, á ní, "Àníkẹ́ mi, ṣé o jí ire?" Oríkì mi nìyẹn, kò sẹ́lòmíràn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Bàbá mi náà, pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀, Àjàní ló ń pè é.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé eré yẹn, mo kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà wò mí pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣé o jí ire?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, ibà ló pa á nígbà tó wà ní ọmọdé, wọn kì í sì í dá orúkọ rẹ̀ nínú ilé wa. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi tipẹ́ pé bí mo bá gbọ́ tí wọ́n pe òkú, n kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ, nítorí ẹni tó bá jẹ́ ìpè òkú, òkú á mú un dání. N kò jẹ́ ẹ. Mo dìde, mo sá, mo fi ọwọ́ Ìyá Àgbà sílẹ̀ lófuurufú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó di ẹja tútù tí kò fojú kan iná sínú apẹ̀rẹ̀ ọjà. Ó tún pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Ohun tó wá bà mí lẹ́rù jù ni bàbá mi, nítorí akọ̀wé ni bàbá mi ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ló wà nínú ilé wa yẹn! Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá mi ní yàrá pé, "Kò gbọdọ̀ dá jáde mọ́ o. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbọ́."

Ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, mọ́tò ìjọba dúró sí ẹnu ọ̀nà wa. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó wọ kóòtù funfun. Mo sá sẹ́yìn àwọn apẹ̀rẹ̀ ẹja, èèrà ń jẹ mí, n kò mira. Obìnrin náà tan tọ́ọ̀ṣì sójú Ìyá Àgbà, ó nawọ́ sí bàbá mi, ó ní, "Màmá, ta nìyí?" Ìyá Àgbà ní, "Bàbá mi ni." Ẹ̀rín ni ìbá pa mí lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí obìnrin náà lọ, tí àwọn ará àdúgbò ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, bàbá mi rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ní, "Ibà lásán ni."

Ẹ gbọ́ o, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe wí nínú eré. Kí ni mo tún fẹ́ rí?

N kò jẹ oúnjẹ Ìyá Àgbà mọ́. Ó se ìkọ́kọrẹ́ tí mo fẹ́ràn, mo gbé e fún ewúrẹ́. N kò sùn lórí ẹní rẹ̀ mọ́. Bó bá nawọ́ sí mi, màá fò sẹ́yìn. Á wo ọwọ́ rẹ̀, á nù ún mọ́ ara ìró, á wo ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ó dọ̀tí ni. Síbẹ̀, ẹja tó fọ́ kò yé dúró dè mí lórí àwo. Bí mo bá rántí àwo yẹn títí dòní, ọkàn mi máa ń bàjẹ́.

Ó wá hàn sí mi pé ó yẹ kí ẹnìkan gbọ́. Mo sọ fún Múínà ní ilé kéwú pé nǹkan kan ti wọ inú Ìyá Àgbà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò tó ọjọ́ méjì tí ọ̀rọ̀ náà fi yí padà. Ará òfuurufú ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Ẹ̀pẹ́. Àjẹ́ ni gbogbo ayé mọ̀. Àwọn oníbàárà ń gba iwájú ìyá mi kọjá ní Ọjà Olúwo láìyà, apẹ̀rẹ̀ ẹja ń padà wálé bó ṣe kún lọ. Ìyá mi kò mọ ẹni tó tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀. Èmi mọ̀.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, tí bàbá mi wà ní mọ́ṣáláṣí, tí ìyá mi wà lọ́jà, Ìyá Àgbà yọ́ jáde. Ó forí lé etí ọ̀sà, níbi tó ti máa ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Àwọn ọmọdé rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo pé, "Àjẹ́ ń lọ! Àjẹ́ ń lọ!" Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í fò. N kò ní purọ́ fún yín: èmi náà wà láàárín wọn, òkúta kan sì wà lọ́wọ́ mi. N kò tíì jù ú, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló wà.

Ìyá Àgbà yíjú padà. Ó rí òkúta, ó rí mi, ó sì gbà pé èmi ni wọ́n ń sọ lókò. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sáré, àgbà tí kì í sáré yẹn, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò mí lórí mọ́lẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ bò mí. "Ẹ má sọ ọ́! Ẹ má sọ Àbẹ̀kẹ́ mi lókò!" Inú òkùnkùn aṣọ náà ń rùn èéfín, ó ń rùn ẹja àrọ̀. Mo gbọ́ tí òkúta kan ba ẹ̀yìn rẹ̀, gbì. Èmi ni ìyẹn ìbá bà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí mi, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé kò bà ọ́?"

Mo ju òkúta ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, "Kò bà mí, mà."

Mo ti jẹ́ ìpè òkú nìyẹn. Mo di ojú, mo ń retí kí n kú. N kò kú. Ọwọ́ rẹ̀ ló kàn di tèmi mú, a sì ń lọ sílé.

Nígbà tí bàbá mi fi bàtà ẹsẹ̀ kan sáré dé, Ìyá Àgbà ti jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ká ẹja. Kò wo ọwọ́ rẹ̀. Mo wo ọwọ́ náà, mo sì mọ̀ pé kò sí ará òfuurufú kankan tó lè mọ̀ ọ́n ká bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ní kí n kúnlẹ̀ ni mo ti kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí tẹlifíṣọ̀n Bàbá Kúdí dé orí mọ́tò ìjọba. Bàbá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, ó fi ọwọ́ bo ojú, omi ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

Ó ní, "Sìkírá, sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀. Ọpọlọ ìyá mi ló ń gbàgbé nǹkan, àìsàn ni. Nítorí ohun tí mo bẹ̀rù pé wọ́n máa pè é ni mo ṣe fi í pamọ́, ìfipamọ́ yẹn náà ló jẹ́ kó rọrùn fún wọn láti pè é bẹ́ẹ̀. Èmi àti ìwọ la jọ jẹ̀bi."

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsárì, bàbá mi di Ìyá Àgbà mú ní ọwọ́ ọ̀tún, èmi dì í mú ní ọwọ́ òsì, a rìn gba àárín Ọjà Olúwo kọjá. Ẹni tó bá béèrè, bàbá mi á dáhùn pé, "Ìyá mi ni. Ó ń gbàgbé nǹkan. Ẹ kí i." Àwọn kan kí i, àwọn kan yíjú. Lójoojúmọ́ la ń rìn ín, títí àwọn tó yíjú fi ń kí i. Mo sì ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ títí ó fi kú. Orúkọ náà kò pa mí.

Ayé ti yí. Ìkòròdú ni mò ń gbé báyìí, ariwo Gáràjì kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ èrò ọkàn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fọ ẹsẹ̀ kó tó wo eré mọ́, ọwọ́ oníkálùkù ni tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wà. Àìsàn tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà, dókítà ti kọ ọ́ sórí káàdì fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí bàbá mi wà lọ́dọ̀ mi, òun náà ti ń gbàgbé. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Èmi kò fi í pamọ́. Gbogbo àwa tó wà nínú ilé ló mọ̀ pé bó bá ké "Màámi," èmi ni, màá sì dá a lóhùn pé, "Àjàní mi, mo ti dé."

Ní Sátidé tó kọjá, mo ń rin kókò tí mo fẹ́ fi ṣe èbìrìpò, mo sọ ìtàn eré yẹn fún Fárídà, ọmọ mi ọmọ ọdún méjìlá. Kí n tó sọ ọ́ tán, ó ti rí i lórí fóònù. A jọ wò ó. Kúdí kò fi iyọ̀ púpọ̀ sí i. Ọmọ náà di ilẹ̀kùn mú, ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí i, iná kò lọ. Ọmọ náà ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wọ́ ìyá rẹ̀ sínú mọ́tò, àgbà kan nínú àwọn oníkóòtù funfun bọ ọmọ náà lọ́wọ́, ó kí i kú iṣẹ́, eré parí.

Fárídà ní, "Ó ṣe dáadáa, Mọ́mì. Kì í kúkú ṣe ìyá ẹ̀ mọ́."

Mo ti ọwọ́ bọ inú kókò padà. Ọkàn mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni yòówù tó mú iná lọ lọ́jọ́ náà ní Ẹ̀pẹ́, nítorí ká ní mo rí òpin yẹn ni, n kò mọ ohun tí ǹ bá fi òkúta ọwọ́ mi ṣe.

Bàbá mi ké láti yàrá, "Màámi! Màámi o!"

Kókò kún ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́. Kí n tó dìde, Fárídà ti da fóònù dé sórí àga, ó ti wọlé lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé ọmọ kì í fi oríkì pe bàbá àgbà rẹ̀. Ká ní ìgbà tiwa ni, ìgbátí ni ìbá fi jẹ. Mo sì gbọ́ ohùn ọmọ mi láti inú yàrá, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ tipẹ́:

"Àjàní mi, mo ti dé."

Bàbá mi ní, "Mo rò pé ẹ ti lọ ni."

Fárídà ní, "Mi ò lọ síbì kankan."