Àga Àlòkù Bàbá Ìbejì

Nígbà tí wọ́n dá Bàbá Ìbejì padà sílé láti ilé ìwòsàn, kò sí àga kan nínú ilé náà tó lè dá dìde lórí rẹ̀. Àwọn àga páálọ̀ wọn rọ̀, wọ́n sì kúrú. Ẹni tó bá jókòó sínú wọn, ńṣe ló máa ń rì bí ẹni tó jókòó sínú ẹrẹ̀. Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gbé e ṣánlẹ̀, ìgbádùn nìyẹn. Àmọ́ ní báyìí tí apá ọ̀tún rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ń wọ́ nílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń fà lọ síléèwé, àwọn àga náà ti di pàkúté. Tó bá ti jókòó, ó di kí ìyàwó rẹ̀ dì í mú lábíyá, kó ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó sì fà á sókè. Bẹ́ẹ̀ Ìyá Ìbejì ọ̀hún ò ju pẹ́ńpẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn méjèèjì jọ ṣubú padà sínú àga náà. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Kúkú jẹ́ kí n máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì," ló wí. "Ẹni tí wọ́n ń gbé bí àpò sìmẹ́ńtì, kí ló ń dìde ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ìyàwó rẹ̀ ju ẹ̀yìn tó ń ro ó lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí fi kun ilé onílé. Ó ti dúró lórí àkàbà lára ilé alájà mẹ́ta, ó sì ń súfèé níbẹ̀. Láti ìgbà tó ti dàgbà, kò sí ẹni tó gbé e rí.

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá bá a na ẹsẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. "Mọ́mì, ẹ wá àga tó ga fún wọn," ló wí. "Kí apá rẹ̀ le, kí ìjókòó rẹ̀ má rì. Tí wọ́n bá lè fọwọ́ òsì ti ara wọn dìde nígbà ogún lójúmọ́, ẹsẹ̀ yẹn á rántí iṣẹ́ rẹ̀."

Irú àga bẹ́ẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà lójú títì. Ìyá Ìbejì lọ wò ó, ó fọwọ́ kàn án, ó sì jáde láìbéèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ojú rẹ̀ ti ka iye náà.

Ẹ̀yìn gáréèjì, lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta ẹrù àlòkù, ló ti rí tirẹ̀. Fíríìjì tí kò ní ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé lé e lórí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ga, apá rẹ̀ jẹ́ igi, aṣọ ara rẹ̀ sì ti ya débi pé fóòmù ń yọ jáde bí ikùn ọ̀kẹ́rẹ́.

"Mọ́mì, èyí kẹ̀?" ni ọlọ́jà wí. "Igi ìdáná ni mo fẹ́ fi ṣe."

"Tà á fún mi kí o tó fi ta iná lọ́rẹ."

Ó fi ìka gbá igi náà, ó dẹtí sí i. Igi náà dáhùn gbà-gbà, ohùn ẹni tí inú rẹ̀ ṣì le. Ó háyà bárò, ó sì tì í délé fúnra rẹ̀.

Bàbá Ìbejì gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Àga yìí ti kú. Níbo lo ti hú u jáde?"

Ìyá Ìbejì ti àga náà sí kọ̀rọ̀. Ẹ̀ka ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan náà ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń lẹ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó bá ya. Iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ò le lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò di òòlù mú rí, kò sì kun nǹkan kan rí àfi èékánná rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge. Síbẹ̀, ní àárọ̀ Sátidé, ó fi ìró sán ìdí, ó gbé àga náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó mú ẹ̀mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìṣó yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ mẹ́ta ló bá lórí ara wọn. Lábẹ́ wọn ni ìyarun tó ku eyín mẹ́rin wà, pẹ̀lú ìdérí bírò mẹ́fà. Ó da gbogbo ìyẹn nù. Àmọ́ aṣọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò jẹ́ kó ya. Ó ká a bí ẹni ń ká ìwé ilẹ̀, torí òun ló máa fi wọn tuntun.

Ó tún gbé egungun àga náà lọ bá káfíńtà òpópónà wọn.

"Màmá, ẹ ju èyí nù," ni káfíńtà wí. "Ẹ jẹ́ kí n kan tuntun fún yín."

"Ṣé tuntun ni mo ní kí o kàn? Ẹsẹ̀ ni mo ní kí o fi kún un. Ìka mẹ́rin."

Káfíńtà fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó kan igi sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fà sẹ́yìn, ó wò ó, ó ní, "Ẹ wò ó, ó ti wọ bàtà gogoro."

"Kó wọ̀ ọ́," ni Ìyá Ìbejì wí. "Òde ló ń lọ."

Ọ̀dà ló kàn. Agolo ọ̀dà búlúù kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, èyí tó ṣẹ́ kù nínú ilé tí Bàbá Ìbejì ń kùn lọ́wọ́ kí àìsàn tó dé. Ìyàwó rẹ̀ ṣí i, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀, ó sì gbé e lé apá àga. Fèrèsé yàrá kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Òórùn ọ̀dà wọlé lọ bá ẹni tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ lóòjọ́.

"Ìyá Ìbejì! Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń kun àga."

"Ṣé o ti ha á?"

"Ha kí ni?"

"Áà! O gbé ọ̀dà lé orí fáníìṣì! Lọ́la ni yóò bó bí èèpo àlùbọ́sà. Dúró! Gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, kí wọ́n wá máa fi tinú ilé mi bú mi? Wá gbé mi síta."

"Mi ò gbé ẹnì kankan," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ ká jọ rìn."

Ó gbà wọ́n ní àsìkò tó pọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó mú ọkọ rẹ̀ jókòó lórí àpótí gíga tó máa ń gùn sá aṣọ, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ọkọ rẹ̀ ní kó fi àkísà nu ọ̀dà náà kúrò kó tó gbẹ. Lẹ́yìn náà ló ní kó mú sáńpépà wá, kó ká a mọ́ pákó kékeré kan. Ó wo bó ṣe ń ha á, ó rojú, ó na ọwọ́ òsì.

"Mú un wá. Ọwọ́ yìí ò mọ nǹkan kan o."

"Tèmi náà ò mọ nǹkan kan. Ẹ kọ́ àwọn méjèèjì pọ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ha á, kó tó di pé ọ̀gá gbà pé igi ti dán. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí apá àga kó jókòó síbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí, ó sì fi òsì kùn ún. Ọ̀dà ń kán. Ìlà ń wọ́. Nígbà tó kan ẹsẹ̀ kẹta, búrọ́ọ̀ṣì yọ̀ bọ́, ó fi àwọ̀ búlúù gba orí igi funfun tí kò tíì fẹ́ kùn. Bàbá Ìbejì gbé agolo náà, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri.

Ìyàwó rẹ̀ ò pariwo. Ó gbé agolo tí ọ̀dà kù díẹ̀ nínú rẹ̀ dìde, ó nu búrọ́ọ̀ṣì, ó sì kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ òsì padà.

"Ó ku ẹsẹ̀ kan àtààbọ̀," ló wí.

Ó kùn ún tán. Ògiri náà ò ṣeé wò, àmọ́ àga náà ń dán bí ojú omi.

Fóòmù ni wọ́n ti wá jìn sí kòtò. Èyí tó rọ̀ ni Ìyá Ìbejì rà, torí ó ń ro ti ìdí aláìsàn. Ó ránṣọ ìbora rẹ̀ lọ́wọ́, kánfáàsì aláwọ̀ eérú tó nípọn, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ ní ìlọ́po méjì bó ṣe ń ṣẹ́ ti aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó kàn án mọ́lẹ̀. Ó rẹwà. Bàbá Ìbejì jókòó, ó sì rì. Ó fi ọwọ́ òsì ti ara rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ìdí rẹ̀ ò kúrò lójú kan.

"Mo sọ fún ọ," ló wí. Kò bínú. Ìyẹn ló ba ìyàwó rẹ̀ lẹ́rù.

Lọ́jọ́ kejì níbi iṣẹ́, ó ń fọ aṣọ, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Nígbà tó délé, kò bọ́ bàtà kó tó mú ẹ̀mú. Gbogbo ìṣó tó kàn ló tún fà yọ. Ó wá rí i pé lọ́tọ̀ ni fóòmù tó rọ̀, lọ́tọ̀ ni àpò ìdọ̀họ tó gbé e dúró lábẹ́, èyí tó ti dẹ̀ bí ìgbànú àgbà. Ó lọ bá ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní ìkóríta, ó sì gba rọ́bà inú táyà ọkọ̀ akẹ́rù tó ti bẹ́. Ó fọ̀ ọ́ bí ó ti ń fọ aṣọ aláìsàn, ó gé e ní ìka mẹ́ta-mẹ́ta.

"Ẹ fà á," ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

Bàbá Ìbejì fi ọwọ́ òsì fa rọ́bà náà títí ó fi ń dún, ìyàwó rẹ̀ kàn án. Ní ìbú, ní òòró, wọ́n hun ún bí ẹní. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òòlù gba àtàǹpàkò obìnrin náà, èékánná rẹ̀ dúdú. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta, kì í wo ẹnu àáké. Ó fi ẹnu fẹ́ ìka náà, ó tún gbé òòlù. Lórí rọ́bà yìí ni wọ́n gbé fóòmù líle lé, irú èyí tí wọ́n ń lò sí ìjókòó mọ́tò, kánfáàsì eérú sì padà bọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá Ìbejì dé ìdajì, ó sì jókòó padà. Lọ́jọ́ kejì, ìdajì náà ni. Ìyá Ìbejì dúró níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì há abíyá ara rẹ̀ kí wọ́n má baà sáré lọ ràn án lọ́wọ́. Ó nira fún un ju fífà á sókè lọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó dìde tán, ó mì bí ewé, ó jókòó. Wọ́n wo ara wọn. Láti ọjọ́ náà lọ, kò gbà kí ìyàwó rẹ̀ dúró tì í mọ́. "Lọ wá iṣẹ́ ṣe," ló ń wí. "Ṣé èmi nìwòran?"

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì ń sá aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó gbọ́ tí ohun kan ń wọ́ nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń wọ́. Ó yíjú. Bàbá Ìbejì ló dá rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ òsì di férémù ilẹ̀kùn mú, òógùn bò ó lójú.

"Òjò ń bọ̀," ló wí. "Kó aṣọ wọlé."

Ìyá Ìbejì gbójú sókè. Ojú ọ̀run mọ́ fefe, kò sí ìkùukùu kan ṣoṣo níbẹ̀.

"Ẹ ṣeun," ló dáhùn. "Mi ò tiẹ̀ fura."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ lórí okùn, èyí tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀, ó ń kó o wọlé lápá-lápá. Ó yà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì, sórí ilẹ̀kùn, sórí fèrèsé, títí omi fi ń ṣàn nínú ilé.