Olè Tó Di Ìlọ́po Méjì

Ọ̀gá ni Ìyá Ìbejì nídìí aṣọ rírán. Tí o bá gbé aṣọ tí kò tó wá, yóò wò ọ́ látòkè délẹ̀, yóò ní, "O sanra ju bó o ṣe rò lọ," yóò sì wá ọgbọ́n dá sí i títí aṣọ náà yóò fi bá ọ mu. Ìsàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ló jókòó sí tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n, oníbàárà kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń dì mọ́ ẹrù kó lọ sí ìlú mìíràn.

Ohun tí ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ kó ṣe gan-an nìyẹn.

Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló sì máa ń lọ. Bí ọdún ṣe ń parí lọ, ó gbọ́ lórí rédíò pé ẹjọ́ olè ní àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò wọn ti kúrò ní ogún tó wà lọ́dún tó kọjá, ó ti di mẹ́tàlélógójì. Bó ṣe wọlé, kò tilẹ̀ jókòó.

"Ìyá Ìbejì, di ẹrù ẹ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi là ń kó lọ."

"Kí ló dé? Ṣé ilé ń jó ni?"

"Olè ti kún àdúgbò yìí. Kí n wà lójú ọ̀nà, kí ìwọ àtàwọn ọmọ dá wà ńlé? Ọkàn mi ò lè gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní àwọn á fún wa ní yàrá kan."

"Bàbá Ìbejì, irọ́ ni rédíò yẹn ń pa."

Ibí yìí ni Ìyá Ìbejì ti ṣì í. Rédíò ò parọ́. Iye yẹn pé géérégé. Ohun tó yẹ kó béèrè ni ẹjọ́ àwọn wo ni wọ́n kà pọ̀.

Àmọ́ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Oníbàárà tó bá ti wọlé, bó ṣe ń wọn èjìká rẹ̀ ni yóò máa bi í léèrè ẹni tí wọ́n jà lólè. Ẹnu wọn yá. Wọ́n gbé fóònù ẹnìkan, wọ́n já ilẹ̀kùn ẹlòmíràn.

"Níbo?"

"Òdìkejì afárá."

"Ti onífóònù yẹn ńkọ́?"

"Òdìkejì afárá náà ni."

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí gbé báàgì wá fún un kó bá òun lẹ̀ ẹ́. Olè ti fi abẹ ya á nídìí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Níbo ló ti ṣẹlẹ̀?"

"Lọ́dọ̀ wa lódìkejì ni. Àgọ́ ọlọ́pàá yín ni mo ti ń bọ̀, mo lọ fẹjọ́ sùn."

"Ẹ ò ní tiyín ni?"

"A ní. Ìjì ló ṣí òrùlé rẹ̀ lọ nígbà tójò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ní kí gbogbo wa máa wá."

Ìyá Ìbejì fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń kó àwo sínú páálí lókè.

"Bàbá Ìbejì! Ẹ wọ bàtà yín!"

Sájẹ́ǹtì tí wọ́n bá nídìí káńtà ní àgọ́ ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ tẹnu wọn. "Àgọ́ téèyàn bá ti fẹjọ́ sùn ni wọ́n máa ń kà á mọ́, kì í ṣe ibi tí olè ti jà. Nínú mẹ́tàlélógójì yẹn, mẹ́rìnlélógún ló ti òdìkejì wá. Iye tí wọ́n máa ń ní lọ́dọ̀ wọn náà nìyẹn."

Bàbá Ìbejì fi ìka ṣírò. "Ó ku mọ́kàndínlógún."

"Tiyín nìyẹn. Ẹ má wá lọ sọ fáyé pé olè ti tán o. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà."

Bàbá Ìbejì mí kanlẹ̀. Kò tíì kúrò níwájú káńtà tó fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wulẹ̀ tọ́jú yàrá yẹn dè wá mọ́. A ò wá mọ́."

Ẹ̀gbọ́n náà mí kanlẹ̀ débi pé Ìyá Ìbejì gbọ́ ọ nínú fóònù. "Ọlọ́run ṣeun! Láti ọjọ́ tí mo ti ní kíyàwó mi kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín pa Ìyá Ìbejì títí dé ẹnu ọ̀nà.

"Síbẹ̀síbẹ̀, mo máa ra àgádágodo míì," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹ ra méjì. Èmi ṣáà ti wà níbí."