Ìdí Tí Kílọ́ọ̀ṣì Dádì Kì í Fi Dìde

Bí Dádì mi bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ wọn tí kò dìde mọ́, wọ́n á ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á sì máa wo iwájú bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tí gbogbo ọkọ̀ ẹ̀yìn wa fi fèrè bọnu.

Láti ìgbà tí Mọ́mì ti kú ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń sọ pé kí Dádì ta ọkọ̀ náà, kí wọ́n sinmi. Dádì kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó yá, a jọ fẹnu kò pé bí mẹkáníìkì bá ti sọ pé àìsàn ọkọ̀ náà pọ̀, títà ló kàn. Inú mi ò dùn sí i rárá. Inú ọkọ̀ yẹn la ti ń bó ọsàn jẹ bí a bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti máa ń sùn lé èjìká Mọ́mì.

Àgbàlagbà mẹkáníìkì kan ní Ìpọ̀nrí ló ń tún ọkọ̀ náà ṣe láti kékeré wa. Èmi àti Dádì gbé e lọ bá a. Ó dùbúlẹ̀, ó wo sípíríìngì kílọ́ọ̀ṣì, ó mi orí.

"Sípíríìngì okay, sà. Ó dà bíi pé a máa sọ gíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀ o. Wàhálà wà níbẹ̀."

Ojú Dádì rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní kí mẹkáníìkì jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ wo ike kékeré tí wọ́n ń da ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì sí. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Ah-ah! Ta ló da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì síbí? Ó ti jẹ́ kí rọ́bà inú ẹ̀ wú. Bó bá ti lọ sísàlẹ̀, kò ní lè padà nìyẹn."

"Èmi ni," Dádì dáhùn. "Mo rí i pé ó ti ń gbẹ. Ìyá wọn ló máa ń ṣe é."

Òótọ́ ni. Ọmọ awakọ̀ lọ́rì láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni Mọ́mì. Láràárọ̀ Sátidé, wọ́n á ró ìró mọ́ àyà, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, Dádì á sì wà ní fàráńdà, wọ́n á máa lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì gbogbo wa. Àwọn aládùúgbò a máa fi Dádì ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀ ń bá ará ìta lọṣọ náà?" Dádì á ní kí wọ́n kó o wá. Ilé wa dùn nígbà yẹn, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí Dádì fi wakọ̀, wọn ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rí kí Mọ́mì tó kú.

Mẹkáníìkì fa ọ́ìlì burúkú yẹn dànù, ó fọ ojú ọ̀nà rẹ̀, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó da ọ́ìlì bírékì tí kílọ́ọ̀ṣì ń lò síbẹ̀. Ó ní kí n wọnú ọkọ̀ kí n máa bá òun tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó yá, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó sì dìde fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi pè.

"Báwo ni? Ṣé ó pọ̀?"

"Kò pọ̀. Dádì ló máa wà á wálé."

Dádì ò tíì wọnú ọkọ̀ ṣá. Iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n dúró sí, wọ́n ní kí n fi ibi tí wọ́n ń da omi sí hàn wọ́n, àti ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, àti ti bírékì. Wọ́n ń fọwọ́ kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá bi mí léèrè pé, "Èwo ni ìyá yín kọ́kọ́ máa ń wò?"

Mo ní mi ò mọ̀. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó bi Mọ́mì rí.

Dádì ò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú. Ní Ìpọ̀nrí lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gbé ọwọ́ lé etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sunkún, èmi náà sì sunkún. Nígbà tí ó tó, wọ́n nu ojú, wọ́n wọ inú ọkọ̀, wọ́n sì wà wá délé.