Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ọ́fíìsì Lọ́yà

Bí mo bá ti gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún kíì, lọ́yà obìnrin kan ní Ìkìrun ni mo máa ń rántí. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọ́fíìsì wọn pa, nítorí tiwa.

Ilé búrẹ́dì kan ní Inísà la ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá kì í sì í sanwó wákàtí tá a bá fi ṣiṣẹ́ kọjá àsìkò. Ṣùgbọ́n alàgbà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ojú ń tì wá; kí ará ìlú má bàa rí wa pé a fẹ́ pe àgbà lẹ́jọ́, la ṣe ń fa filà bojú gba ẹ̀yìn wọlé.

Lọ́yà á fún wa ní àga, àwọn fúnra wọn á wà lóòró. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi wá: “Ta ló jalè nínú yín?”

“Kò sí, mà.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń yọ́ wọlé?”

A ó tún fa filà wálẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ tí lọ́yà ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé kí wọ́n wá, a ti jókòó kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó dún kíì. Ọ̀gá ló yọ́ wọlé, wọ́n fa filà bojú bíi tiwa. Kíá la ti dọ̀bálẹ̀. Èmi tiẹ̀ nu àga mi fún wọn. “Ẹ jókòó, sà. Ẹ má bínú.”

Lọ́yà wò mí, wọ́n tún wo filà ojú ọ̀gá. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló jalè.