Òfin mi tí kò gba ìkíni

Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè padà sọ́jà.

Èmi ni mo ṣòfin bí àwọn oníbàárà Màámi, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ṣe máa kọ aṣọ tí wọ́n fẹ́ rà ránṣẹ́, kí fóònù lè dá a kà kíákíá, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa: irú aṣọ, àwọ̀, iye mítà. Mo ní kí wọ́n má kí wa rárá. Mo gbọ́n lójú ara mi.

Láàárọ̀, Àlájà tó ń gbé àdúgbò Banikanni kọ ọ́ ránṣẹ́: "Òwú, funfun, 10."

Mo fèsì: "Ó pé! Mẹsí!"

Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Àlájà ò kí wa? Kí ló dé?"

Màámi pe Àlájà. Ọkọ Àlájà ló kú. Aṣọ òkú ni.

"Ìwọ ọmọ yìí! O dí wọn lẹ́nu, o tún ń dúpẹ́!"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sọ fún mi: ibo ni kí n fi "ẹ kú ará fẹ́ra kù" sí nínú òfin yẹn?