Ààbọ̀ Sìgá Láàárín Àpò Kòkó

Nígbà tí ayé le lábẹ́ ìjọba sójà, tí gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, sìgá náà kò dá wa sí. A ó mu ún dé ààbọ̀, a ó paná rẹ̀, a ó tọ́jú ìyókù. Inú gèlè ni mo ń fi tèmi sí. Kòkó ni mo ń rà tí mo ń tà l'Ódìgbó, ṣùgbọ́n sìgá tí mo ń mu, awakọ̀ agbégẹdú kò mu tó o.

Nígbà tí ikọ́ fẹ́ gbé mi lọ, mo búra fún ọkọ mi pé mo ti jáwọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, n kò fẹnu kàn án. Orí ń fọ́ mi, mo ń bá ewúrẹ́ aládùúgbò jà, síbẹ̀ mo fara dà á.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni sìpẹ́kítọ̀ tó ń yẹ kòkó wò máa wá. Ogún àpò ni mo kó jọ láti Omífúnfun. Bí kò bá lu òǹtẹ̀ sí i, kò sẹ́ni tó máa rà á. Aago mẹ́jọ ló dá. Mẹ́jọ kọjá, mẹ́wàá kọjá. Mo ń yọjú sí títì. Sìgá tí n kò rántí láti àná wá ń pè mí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Ààbọ̀ kan ṣì wà nínú gèlè, mo ní mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Mo wọ àárín àpò, mo fà á. Orí mi wálé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ paná rẹ̀ ni sìpẹ́kítọ̀ wọlé, ọkọ mi tẹ̀lé e. Sìpẹ́kítọ̀ fi ọ̀bẹ la kóró kòkó, ó gbé e sí imú, ó tún gbé e sí imú.

"Ìyá, iná lẹ fi yan kòkó yìí. Ó ń rùn bí èéfín, n kò lè lu òǹtẹ̀ sí i."

"Oòrùn ni wọ́n sá a sí, ọ̀gá."

"Oòrùn wo? Oòrùn inú òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

Ọkọ mi ti ń bẹ̀ ẹ́, ó ń búra pé iná kò kan kòkó náà. Mo wo ogún àpò, mo wo ọkọ mi.

"Ọ̀gá, kòkó kọ́ ló ń rùn. Èmi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu sìgá tán níbí."

Ó ní kí n mí sí òun. Mo mí. Ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri. Ó ní kí wọ́n kó àpò síta. Nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i dáadáa, ó tún gbóòórùn, ó sì lu òǹtẹ̀.

Ọkọ mi kò bínú. Ó kàn ní, "Ikọ́ tó fẹ́ pa ọ́ kò bà ọ́ lẹ́rù tó sìpẹ́kítọ̀."

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ń bọ̀ wá yẹ kòkó wò, ìta ni ọkọ mi máa ń to àpò sí. Èmi ló máa ń tì mọ́lé.